Eyín Tó Kẹ́yìn, Iṣẹ́ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Àbẹ̀kẹ́, kú oríire iṣẹ́. Ìyá rẹ ti jó, ó ti pe gbogbo ẹbí, ó sì ti ń bi mí irú aṣọ tí àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ń wọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìwọ fúnra rẹ pè mí, ọ̀rọ̀ eyín lo bá mi sọ. O ní ìdí eyín tó kẹ́yìn lápá òsì nísàlẹ̀ tún ti wú, ẹ̀ẹ̀kejì rèé lọ́dún yìí. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ ló kù kí o wọṣẹ́. O wá bi mí bóyá kí o yọ ọ́ kí o tó lọ, àbí kí o máa fi oògùn tù ú títí wọn yóò fi fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀. Mo ní kí n kọ èsì rẹ sílẹ̀ dípò kí n sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí mo mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra. Láàárín ọmọ ọdún 17 sí 25 ni eyín ọgbọ́n sábà máa ń yọ, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọmọ ènìyàn ń jáde yunifásítì, tó ń sin ìjọba, tó ń wáṣẹ́ kiri. Kò sí bí méjèèjì kò ṣe ní pàdé.

Èrò mi kò fara sin. Bí dókítà bá ti sọ pé yíyọ ló yẹ ẹ́, yọ ọ́ kí o tó lọ, kí o sì yọ ọ́ ní ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ yàn. Eyín tí a kò bá yan ọjọ́ fún, yóò yan ọjọ́ fúnra rẹ̀, kì í sì í yan ọjọ́ ire.

Mo mọ ohun tí mo ń wí. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́ ni mo jókòó sí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ bí ẹni tó ki odindi ọsàn sẹ́nu. A ń mú un láti yàrá dé yàrá kó máa dárúkọ ara rẹ̀ fún àwọn tí yóò bá ṣiṣẹ́. Ẹnu kò là, ó ń ránmú, itọ́ ń dà sí aṣọ ìnujú tó dì mọ́wọ́. Ọmọ náà mọṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn kan tó yé pè é ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú pé ara ènìyàn kò dá. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí mo bi í, ó ní eyín náà ti ń yọ òun lẹ́nu láti ìgbà tí òun wà nílé ìwé, pé òun ń retí ìgbà tí ọwọ́ òun máa dilẹ̀.

Ká kọ́kọ́ yanjú èyí tó ṣáájú ná. Kì í ṣe gbogbo eyín ọgbọ́n ni wọ́n ń yọ. Nínú eyín 32 tó wà lẹ́nu àgbàlagbà, mẹ́rin tó kẹ́yìn ni wọ́n, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn kì í ní ju méjì lọ, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní ìkankan. Bí àyè bá gbà á, yóò yọ tán, yóò máa bá àwọn yòókù rún ẹran, olúwa rẹ̀ kò ní rántí pé ó wà níbẹ̀. Bí àyè bá há, yóò dùbúlẹ̀ sínú egungun àgbọ̀n, tàbí kó forí sọ eyín iwájú rẹ̀, tàbí kó yọ ààbọ̀ kó sì dúró síbẹ̀. Èyí tó yọ ààbọ̀ yìí ló burú jù. Ẹran ìdí eyín á bò ó lórí ní apá kan, oúnjẹ á máa há sábẹ́ ẹran náà, búrọ́ọ̀ṣì kò débẹ̀, orín kò débẹ̀, kòkòrò á bá fi ibẹ̀ ṣelé. Ní ọjọ́ tí ara bá rẹ̀ ọ́ tán, tí o kò sùn dáadáa, ibẹ̀ á wú, á máa ta dé etí, ẹnu kò ní là mọ́, òórùn tí kò dára á sì máa jáde. Ohun tó ń ṣe ọ́ gan-an nìyẹn, bí o ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Lọ́dún 2000, NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ fún ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún àwọn dókítà wọn pé kí wọ́n yé yọ eyín ọgbọ́n tí kò ní àrùn lára, nítorí ewu ń bẹ nínú iṣẹ́ abẹ náà, àǹfààní rẹ̀ kò sì hàn sí wọn. Wọ́n ní bí ibẹ̀ bá wú lẹ́ẹ̀kan, tí kò le jù, kí wọ́n tọ́jú wíwú náà kí wọ́n fi eyín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ẹ̀ẹ̀kejì, ó tó ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ yọ ọ́. Tìrẹ ti di ẹ̀ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yíyọ. Ká ní ó kàn ń yọ díẹ̀díẹ̀ tí kò dùn ọ́ ni, ǹ bá ní kí o gbàgbé rẹ̀, kí o lọ ra bàtà iṣẹ́.

Má sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà lókè òkun dà ọ́ lọ́kàn rú. Èyí tó wà ní Houston máa ní kí o yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà kí o lọ sinmi, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ní Amẹ́ríkà ló ń mú ọmọ lọ yọ tiwọn nígbà ọlidé, kí ọmọ tó wọ yunifásítì, tí wọ́n á fún un lóògùn tí yóò fi sùn. Èyí tó wà ní Manchester máa sọ pé kò sí dókítà tó máa fọwọ́ kan èyí tí kò dùn ọ́. Olúkúlùkù ń sọ àṣà ibi tó fìdí kalẹ̀ sí. Níbí, abẹ́rẹ́ tí yóò jẹ́ kí ẹnu kú ni wọ́n sábà máa ń fúnni, ojú rẹ á là sílẹ̀, o máa gbọ́ bí irin ṣe ń dún létí rẹ, ṣùgbọ́n kò ní dùn ọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí o jẹ́ kí wọ́n ṣe, kí o lè máa fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹun. Èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni kí wọ́n yọ.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wọ́n máa ya ẹ́síréè àgbọ̀n. Má ṣe yẹ èyí sílẹ̀ nítorí owó. Iṣan kan ń gba inú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kọjá, òun ló ń jẹ́ kí ètè àti àgbọ̀n mọ̀ bí nǹkan bá fọwọ́ kàn wọ́n. Òmíràn wà nítòsí fún ahọ́n. Bí gbòǹgbò eyín bá sún mọ́ iṣan yìí jù, ètè lè kú fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín. Ti àwọn ènìyàn díẹ̀ kì í tilẹ̀ẹ́ padà bọ̀ sípò. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣiṣẹ́ jẹun, bí olùkọ́, agbóhùnsáfẹ́fẹ́, ẹni tó ń gba ìpè oníbàárà láti àárọ̀ dalẹ́, gbọ́dọ̀ bi dókítà ní ìbéèrè yìí kó tó fọwọ́ sí ìwé: báwo ni gbòǹgbò eyín mi ṣe sún mọ́ iṣan tó? Ọjọ́ orí náà wà lára ohun tí à ń wò. Lọ́wọ́ tí o ṣì kéré yìí, egungun kò tí ì le púpọ̀, ara ń tètè jinná. Ẹni tó bá tì í títí di ọmọ ogójì ọdún, yíyọ rẹ̀ á nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé sísún un síwájú lọ́dọọdún ní owó tirẹ̀ tí à ń san.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìṣe. Ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo ayé fẹ́ràn. Wọ́n á ní àwọn máa yọ eyín ní ọ̀sán Ẹtì, àwọn máa fi Àbámẹ́ta àti Àìkú sinmi, tó bá di òwúrọ̀ Ajé, àwọn ti dé ẹnu iṣẹ́. Lójú, ìṣirò yẹn gún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í wú tán lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín. Láàárín wákàtí 48 sí 72 lẹ́yìn rẹ̀ ni wíwú náà ń pọ̀ jù. Ka wákàtí 48 láti ọ̀sán Ẹtì, o bọ́ sí ọ̀sán Àìkú. Ka 72, o bọ́ sí ọ̀sán Ajé. Àsìkò tí ọ̀gá rẹ tuntun ń pè ọ́ wọlé kí o wá jókòó gan-an ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ tóbi jù. Ọmọkùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ Ẹtì ló yọ tirẹ̀.

Ohun kejì tún wà tó burú ju wíwú lọ. Bí wọ́n bá ti yọ eyín, ẹ̀jẹ̀ máa ń dì sínú ihò náà, ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ló ń bo egungun títí ẹran tuntun á fi hù. Bí ó bá ṣí kúrò kí àkókò tó tó, egungun á wà ní ìhòòhò, ìrora tó máa tẹ̀lé e kì í ṣe kékeré. Kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. O máa rò pé ara rẹ ti ń yá, tó bá di bí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, á dé lójijì, á máa ta láti àgbọ̀n dé etí, paracetamol kò sì ní ran án. Àwọn tó ń mu sìgá ló ń ṣe jù, àwọn obìnrin tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró náà wà lára àwọn tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, eyín ìsàlẹ̀ ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí ju tòkè lọ. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le: dókítà á fọ ihò náà, á ki oògùn bọ̀ ọ́. Àwọn àgbà wa tó ń ki kànáfùrù bọ eyín tó ń ro wọ́n kò ṣìnà, nítorí òróró kànáfùrù wà lára ohun tí wọ́n fi ń po irú oògùn bẹ́ẹ̀ títí di òní. Òórùn rẹ̀ náà lo máa gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ilé ìwòsàn ṣí ni, kí ẹni tó yọ eyín náà sì wà níbẹ̀. Bí o bá yọ ọ́ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ tí ìrora yìí máa ń dé bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, tí ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun ló dára jù, lójú tèmi.

Ìsinmi ńkọ́? Ẹni tó ń jókòó tẹ kọ̀ǹpútà lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta bí eyín náà bá bọ́ wẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ní láti la ẹran kí wọ́n sì gbẹ́ egungun, fi ọ̀sẹ̀ kan sọ́kàn. Ẹni tó ń gbé ẹrù tàbí tó ń sáré kiri kò gbọ́dọ̀ kánjú, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́, kó fi kún ọ̀sẹ̀ kan náà, kì í ṣe nítorí ìrora nìkan. Ẹnu kì í tètè là dáadáa, ọ̀rọ̀ á sì máa wọ́.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o lọ rí dókítà. Má retí pé wọ́n máa yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ibi tó ń wú lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fọ abẹ́ ẹran náà, kí wọ́n kọ oògùn fún ọ, kí wọ́n ní kí o máa fi omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu títí ibẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ìyẹn ni kò fi bọ́gbọ́n mu láti sá dé ilé ìwòsàn ní ìjẹta ọjọ́ ìwọṣẹ́. Bí ó bá ti rọlẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ ní Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ á ṣì kù fún ọ. Okùn tí wọ́n fi rán ibẹ̀, èyí tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lò jù, á ti lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti padà sí bó ṣe wà, bí ihò náà bá sì fẹ́ yọnu, á ti yọnu tán kí o tó kó ẹrù lọ sí Èkó. Ihò fúnra rẹ̀ kò ní tí ì dí pátápátá, ó ń gba oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn níbí kò jìnnà sí ọ, ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà níbẹ̀. Owó ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn sábà máa ń rọjú ju ti aládàáni lọ, ọwọ́ wọn sì ti mọ́ eyín tó le. Ìṣòro wọn ni èrò, àti ìyanṣẹ́lódì. Bí o bá gbọ́ pé àwọn dókítà ti ń fún ìjọba ní gbèdéke, má dúró di ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Wá aládàáni tó ní ìwé àṣẹ àjọ MDCN, kí o sì béèrè bóyá ẹ́síréè, oògùn àti ìpadàwáyẹ̀wò wà nínú iye tó pè. Iye tí wọ́n ń pè lẹ́nu ọ̀nà kì í sábà jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọjọ́ fún, tí dókítà ní ó di ọ̀sẹ̀ tí o fẹ́ wọṣẹ́, tọrọ àyè. Èyí ni ẹ̀yin ọmọ ń bẹ̀rù jù, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rò pé bí ẹ bá ti béèrè ohunkóhun, wọ́n á gba ìwé padà. Ọ́fíìsì tí mo jókòó sí ni mò ń sọ fún ọ: ẹni tí a bá ti yàn tán, a ti ná owó lórí rẹ̀, a ti dá àwọn yòókù padà sílé, ìjókòó tó máa jókòó sí ti ṣófo láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kò jẹ́ nǹkankan lára wa. Ohun tó ń bí wa nínú ni ẹni tó gbà pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kìíní, tó wá di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kó tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Kọ ọ́ kí o tó fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́, kí o má sì rò ó ju bí ó ti rí lọ: "Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí ẹ fún mi. Dókítà mi ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ eyín kékeré kan fún mi. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ gbà mí láàyè láti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ báyìí dípò ọjọ́ báyìí." Ó tán. Má ṣàlàyé bí ó ṣe ń ta ọ́ àti bí o kò ṣe sùn. Ohun kan ṣoṣo tó lè dí èyí lọ́wọ́ ni bí ẹ bá pọ̀ tí wọ́n fẹ́ dá yín lẹ́kọ̀ọ́ pa pọ̀, bí àwọn báńkì ti máa ń ṣe. Ọjọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe é sún, ìdánwò sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀sẹ̀ yìí ni.

Bí dókítà bá wá wò ó tó ní kò sí ìkánjú, tàbí tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ńkọ́? Máa fọ ibẹ̀ dáadáa, máa yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, kí o sì dá ọjọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Má fi ìsinmi ọdún Iléyá ṣe é: ilé ìwòsàn náà ń ṣọdún, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fi ẹnu tí wọ́n rán wo ẹran. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 16, fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún fún àìsàn, pẹ̀lú owó, bí dókítà bá jẹ́rìí sí i. Abala 18 ló sọ̀rọ̀ ìsinmi ọdọọdún: ó di ẹ̀yìn oṣù 12 kí ó tó tọ́ sí ọ, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6. Ṣùgbọ́n ka ìwé àdéhùn rẹ. Òfin yẹn, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló ń bá wí. Ẹni tí wọ́n bá gbà gẹ́gẹ́ bí amọ̀ṣẹ́dunjú tàbí alábòójútó, ohun tó wà nínú ìwé tirẹ̀ ló máa dì mú. Ní àsìkò tí wọ́n ṣì ń dán ọ wò, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà níbi púpọ̀, bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́ lójúkojú ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí o sọ ẹni tó máa mú iṣẹ́ rẹ dání, kí o sì mú ìwé dókítà wá nígbà tí o bá padà. Má purọ́. Mo ti ka ìwé àyè tó pa ìyá àgbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì rí.

Àwọn kan á gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o dúró kí káàdì ètò ìlera (HMO) ti iṣẹ́ tuntun jáde, kí iṣẹ́ san owó rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn kò burú tán, mo mọ̀ pé ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dilẹ̀. O ò sí lábẹ́ ti bàbá rẹ mọ́, nítorí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 ni ètò ìlera ìjọba ń kà mọ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n mọ ohun tí ò ń dúró dè. Káàdì kì í jáde lọ́jọ́ tí èèyàn wọṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ń dúró títí wọ́n á fi fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀. Bí ó bá sì jáde, yíyọ eyín lásán lọ̀tọ̀, fífi abẹ yọ èyí tó dùbúlẹ̀ sínú egungun lọ̀tọ̀. Ètò tó gba ti àkọ́kọ́ lè má gba ti èkejì. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ pe HMO kó tó gba kóòdù ìfọwọ́sí, mo sì ti rí ẹni tó jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán tó ń retí kóòdù. Bí eyín rẹ bá dákẹ́, dúró dè é. Eyín tó ti wú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan kò dákẹ́. Bí owó ló bá kù, bá mi sọ̀rọ̀. Má lọ yá a lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn tó máa fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ.

Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ, jẹun kí o tó jáde, àyàfi bí wọ́n bá sọ pé wọ́n fẹ́ kí o sùn. Sọ ohun gbogbo tó wà lára rẹ fún wọn: jẹ́nótáìpù rẹ, bí o bá ní ọgbẹ́ inú, nítorí ibuprofen kò bá a lára mu, bí o bá lóyún tàbí tí o ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. Jẹ́ kí ẹnìkan tẹ̀ lé ọ. Má gun ọ̀kadà padà sílé. Bí o bá délé, yìnyín tí wọ́n fi aṣọ wé ni kí o máa gbé lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, kí o sì fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè sùn. Má yọ ẹnu rárá títí wákàtí 24 á fi pé, má tutọ́ kíkankíkan, má fa nǹkankan mu. Ìwọ tí o fẹ́ràn kí o máa fi eyín já igun pure water kí o sì máa fà á, kọ́fù ni kí o lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ kejì, omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Bí wọ́n bá kọ metronidazole fún ọ, èyí tí ẹ ń pè ní Flagyl, kò sí ọtí nítòsí rẹ̀, kódà ti ayẹyẹ iṣẹ́ tuntun.

Oúnjẹ kò ní wọ́n ọ. Ẹ̀kọ mímu tó ti tutù díẹ̀, mọ́ínmọ́ín tí kò ní egungun ẹja nínú, àmàlà àti ewédú tí wọn kò fi ata jó, àsáró tó rọ̀, ẹyin. Ẹran ṣàkì àti pọ̀nmọ́ máa dúró dè ọ́. Gúgúrú ni mo bẹ̀ ọ́ sí jù lọ. Èèpo rẹ̀ tínrín, ó máa ń wọ inú ihò eyín lọ, á jókòó síbẹ̀, o kò ní mọ̀ títí ibẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ̀pà náà ń tẹ̀ lé e.

Mo ti fi èyí sí ìkẹyìn kí o má baà gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí o tó yọ eyín ni o, tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tí wíwú náà bá sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n tó ń lọ sí ọrùn, tí ibà mú ọ, tí o kò lè gbé itọ́ mì, tí ẹnu kò là ju ìka kan lọ, tàbí tí mímí ń nira, kò sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni, lóru ọjọ́ náà, kì í ṣe ilé ìtajà oògùn. Kòkòrò tó bẹ̀rẹ̀ látara eyín lè dí ọ̀nà èémí, ó sì ń pa ènìyàn. Iṣẹ́ á dúró. Bí kò bá sì dúró, òmíràn wà.

Ìyá rẹ ní òun ló máa sìn ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago méje tó lù, nítorí nọ́ńbà ni wọ́n ń pín, kí o sì mú oògùn tí wọ́n fún ọ nígbà tó kọ́kọ́ wú dání kí wọ́n lè rí orúkọ rẹ̀. Wo inú àpò ìyá rẹ kí ẹ tó jáde nílé. Mo mọ̀ ọ́n, ó máa fẹ́ rọ ògógóró díẹ̀ sínú ìgò kékeré pé kí o fi yọ ẹnu. Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o gbé e sílẹ̀ fún bàbá rẹ.